Ìlà Tábìlì Tí A Kò Nù

Ní aago méje òwúrọ̀, fèrè ilé-iṣẹ́ irin a máa dún ní àdúgbò wa ní Sango-Ọ̀tà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi wà lára àwọn tí fèrè náà ń pè. Láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba tó wà lẹ́yìn ògiri ilé-iṣẹ́ náà ni mò ń lọ. Olùkọ́ ni mí. Kíláàsì kìíní ni mò ń kọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, lẹ́tà kan wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá mi nídìí iná nígbà náà ló kọ ọ́. Òun ló ń bójú tó gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ báyìí. Ó ní kí n padà wá. Kì í ṣe ìdí iná ni mo máa dúró sí mọ́. Àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni màá máa kọ́, kí irin gbígbóná má baà ṣe wọ́n léṣe. Ó ní òun ń retí èsì mi kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí pé ẹlòmíràn ń wá ipò náà.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ Ajé. Mi ò fi han ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi, tí ǹ bá fi hàn, ti kú láti ọdún mẹ́rin.

Láti apá Ọ̀ṣun ni mo ti wá sí Ọ̀tà nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Oko ni bàbá mi fi mí sí, mi ò mọ A, mi ò mọ B. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé-iṣẹ́ irin, wọ́n ṣí ìléru. Irin tí mo rí níta, ìdọ̀tí ni: ara mọ́tò tó ti kú, agolo, páànù tó ti dípẹtà. Ohun tó ṣàn jáde nínú ìléru, oòrùn ni. Mi ò rí orúkọ mìíràn pè é. Mo dúró, mo gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ọ̀gá mi wò mí, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe gbogbo wa. Tó bá di oṣù kẹta, o ò ní wò ó mọ́.” Kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Títí mo fi kúrò níbẹ̀ ni mò ń wò ó.

Aránṣọ ni ìyàwó mi, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ilo-Awela. Ìwé tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà sí ni ó fi kọ́ mi ní ìwé kíkà. Èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn. Lọ́jọ́ tí mo ka ìbàdí obìnrin kan tí mi ò rí rí láìṣì í kà, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ó ti tó. Lọ wá ilé-ìwé.” Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí nígbà tí mo gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Wọ́n béèrè kíláàsì tí mo fẹ́. Mo ní ìkíní. Kò sí ẹni tó bá mi dù ú.

Kí ló dé tí lẹ́tà náà fi ń jó mi láyà nígbà náà? Ó rẹ̀ mí ni. Ọmọ tó lé ní ọgọ́rin ló wà ní kíláàsì mi. Ṣọ́ọ̀kì a máa tán kí oṣù tó dé ìdajì. Láti ìgbà tí ilé mi ti dákẹ́, mo máa ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́, màá bi ara mi pé kí ni mo ṣe lónìí. Ní ilé-iṣẹ́ irin, o lè rí ohun tí o ṣe. Ọ̀pá irin á wà nílẹ̀, á wúwo, o lè gbé ẹsẹ̀ lé e. Ohun tí mò ń ṣe ní kíláàsì kìíní, ibo ni mo ti lè gbé ẹsẹ̀ lé e?

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń tu ara mi nínú. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ kan wà tí ìwé máa ń tètè yé. Ìlà ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń jókòó sí. Ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ irin ni wọ́n. Òbí wọn máa ń já wọn sílẹ̀ lẹ́nu géètì wa ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, kí àwọn fúnra wọn lè bá fèrè aago méje. Èmi kì í débẹ̀ títí di aago mẹ́jọ ku díẹ̀. Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún ara mi tipẹ́: ẹni tí kò kàwé ló mọ iyì ìwé, àwọn òbí yìí ń kọ́ ọmọ wọn nílé. Mo máa ń sọ ọ́ síta lọ́jọ́ ìpàdé àwọn òbí. Mo máa ń ní kí àwọn òbí tó kù lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn á wo ara wọn lójú, wọn á wolẹ̀. Mo rò pé ìtìjú ìyìn ni.

Ìlà ẹ̀yìn yẹn náà ló máa ń dọ̀tí jù. Bí mo bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu mi ni pé, “Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ẹ nu tábìlì yín.” Wọn á sì fi àkísà nù ún kíákíá. Mo rò pé nítorí fèrèsé tó fọ́ lẹ́yìn kíláàsì ni. Ní ọdún kejì tí mo débẹ̀, mo fi ẹjọ́ ìyá tó ń gbálẹ̀ sun ọ̀gá-àgbà ìgbà náà pé kì í nu ibẹ̀. Ó pè é, ó bá a wí. Ìlà ẹ̀yìn kò sì mọ́ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà, ọmọbìnrin kan tó ń kàwé gboyè ní yunifásítì dé sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ó ń ṣe ìwádìí bóyá iṣẹ́ tẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lọ́rùn. Ó kí gbogbo wa, ó kúnlẹ̀ fún àwọn tó dàgbà, ó pín fọ́ọ̀mù, ó ní òun ń padà bọ̀ wá gbà á ní Ọjọ́bọ̀. Àpótí márùn-ún ló wà níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ ni “rárá rárá”, èyí tó kẹ́yìn ni “gan-an ni”.

Kò tíì jáde ní géètì tán tí yàrá àwọn olùkọ́ fi gbóná.

“Ẹ fọkàn balẹ̀,” ọ̀gá-àgbà wa sọ. “Kò sí orúkọ níbẹ̀.”

“Màdáámù, kò sí orúkọ, àmọ́ wọ́n béèrè kíláàsì,” olùkọ́ kíláàsì kẹrin dáhùn. “Ta ló tún ń kọ́ kíláàsì kẹrin níbí yàtọ̀ sí èmi?”

Olùkọ́ kíláàsì kẹfà, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, dìde. “Ẹ bá mi rò ó. Tí mo bá ní iṣẹ́ tẹ́ mi lọ́rùn, wọ́n á ní kí la tún wá fẹ́. Tí mo bá ní kò tẹ́ mi lọ́rùn, wọ́n á ní ó yá, máa lọ sí Adó-Odò, bóyá tibẹ̀ á tẹ́ ọ lọ́rùn.”

“Adó-Odò ni ilé ọkọ mi,” olùkọ́ kíláàsì kẹrin sọ. “Kí ló ṣe ibẹ̀?”

“Kò ṣe nǹkan kan, ìyàwó wa. Bí mo ṣe máa jí débẹ̀ láti Sango lójoojúmọ́ ni mò ń sọ.”

“Ẹ máa sùn síbẹ̀. A ní yàrá.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni kíláàsì kẹfà gbé fọ́ọ̀mù sókè. “Àpótí kẹta ni kí gbogbo wa fi àmì sí, láti òkè délẹ̀. Kò gbóná, kò tutù.”

“Bí omi ìwẹ̀,” ẹnì kan sọ.

“Bàbá Kíláàsì Wan, ẹ ò sọ̀rọ̀.”

Mo ní àárín náà dára. Lẹ́tà wà ní àpò mi, ó ń rìn mí ní àyà bí èèrà. Mo fi àmì sí àpótí kẹta nínú gbogbo ìbéèrè, àfi ẹyọ kan tó wà nísàlẹ̀: ṣé ẹ máa fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ bí ẹ bá rí òmíràn? Ìyẹn, mo ní màá padà sí i.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn kíláàsì, ìyá tó ń gbálẹ̀ dá mi dúró. Ọmọ Ọ̀tà gidi ni, Àwórì, ó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìparí ọdún yìí ni yóò fẹ̀yìntì. Ó mú ìwé kan jáde lábẹ́ ìró rẹ̀.

“Tíṣà, wọ́n fún èmi náà. Ẹ bá mi kà á.”

“Ẹ mú un wá, Ìyá.”

“Rárá o. Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta gbangba. Ẹ wá lówùúrọ̀ ọ̀la, kí fèrè tó dún.”

Bí mo ṣe jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ojú ọ̀nà ti kún fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn kan gbé abọ́ oúnjẹ sínú ọ̀rá, àwọn kan fa ọmọ lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti rìn láàrin wọn. Nígbà tí a dé ìkóríta, ẹsẹ̀ mi fẹ́ yà sí géètì ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Mo ní ó yá, ẹsẹ̀ ti dáhùn lẹ́tà.

Ìyá wà ní kíláàsì mi. Ó gbé garawa omi méjì sílẹ̀, ọ̀kan mọ́, ọ̀kan dúdú bí àdín. Ó ń nu tábìlì láti iwájú bọ̀. Mo fi ìka kan tábìlì tí kò tíì dé. Ìka mi rì bí ẹni pé inú èlùbọ́ ni mo tì í bọ̀. Eruku dúdú ni, ó kúnná, ó ń dán díẹ̀, nítorí irin wà nínú rẹ̀. Gbogbo tábìlì tó kù nínú kíláàsì ló bò.

“Ojoojúmọ́ ni báyìí?” mo bi í.

“Ṣé ilé-iṣẹ́ ń sinmi ni?”

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ń wọlé bá tábìlì tó mọ́, àfi ìlà ẹ̀yìn. Mi ò bi ara mi rí ẹni tó ń nù ún. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Mo ṣí fọ́ọ̀mù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ń yí i sí Yorùbá fún un, òun náà kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

“Wọ́n ní ṣé owó oṣù yín tẹ́ yín lọ́rùn?”

“Rárá. Ẹ fà á kó gùn.”

“Àmì kékeré ni wọ́n fẹ́, Ìyá.”

“Ẹ wá fà á kó dúdú.”

“Ṣé àwọn ọ̀gá yín ń bọ̀wọ̀ fún yín?”

Ó fún àkísà, ó rò ó. “Àwọn kan. Ẹ fi sí àárín.” Lẹ́yìn náà ló ní, “Ta tiẹ̀ ni ó fẹ́ mọ gbogbo èyí?”

“Ọmọbìnrin tó wá níjọ́sí ni.”

“Ó ṣeun. Láti ìgbà tí mo ti ń gbálẹ̀ níbí, kò sẹ́ni tó bi mí rí.”

Mo dé ìbéèrè ìsàlẹ̀, èyí tí èmi fúnra mi kò tíì dáhùn. Mo kà á fún un. Ó ti nu tábìlì dé ìlà tó ṣáájú ti ẹ̀yìn. Ó dúró níbẹ̀, ó fọ àkísà, ó sá a sórí fèrèsé. Ìlà ẹ̀yìn kàn wà níbẹ̀ tòun ti eruku rẹ̀.

“Ìyá, ó ku ìlà kan.”

“Ẹ dúró kẹ́ ẹ wò ó.”

Ọmọ àkọ́kọ́ wọlé. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, ìyá rẹ̀ ti já a sílẹ̀. Ó rí mi, ó ta gìrì, ó kúnlẹ̀. Ó wo Ìyá bí ẹni ń béèrè bóyá kò séwu. Ìyá sì mi orí sí i pé kó wọlé. Ọmọ náà lọ sí ìlà ẹ̀yìn, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó na ìka kan, ó gbójú sókè wo pátákó. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ síbẹ̀ lọ́sàn-án àná ṣì wà níbẹ̀: *bàtà*. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú eruku.

Òmíràn dé. Òmíràn tún dé. Wọn kò pariwo. Kí fèrè tó dún, ìlà ẹ̀yìn ti kún, gbogbo wọn tẹ orí ba, ìka wọn ń rìn nínú eruku dúdú, ibi tí ìka bá sì ti kọjá, pákó funfun á yọ. Mo ti wo irin yíyọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo mọ bó ṣe máa ń ṣe mí nígbà tí ìdọ̀tí bá di oòrùn lójú mi. Mi ò rò pé ó tún lè ṣe mí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Mo rọra dìde dúró, nítorí ó jọ pé kò yẹ kí n jókòó.

Ìyá ń rìn lẹ́yìn wọn, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó dúró lórí ọmọkùnrin kan. Ó wo tábìlì, ó wo pátákó, ó tún wo tábìlì.

“Èyí tó wà lókè yẹn kọ ikùn sí ẹnu ọ̀nà,” ó sọ. “Tìrẹ kọ ikùn sí ògiri. Yí i padà.”

Ọmọ náà fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́, ó kó eruku jọ sí i, ó tún un kọ. *b* ni. Ó ti kọ ọ́ ní *d* tẹ́lẹ̀.

Mo bi í pé, “Ìyá, ṣé ẹ mọ̀wé ni?”

“Níbo? Mi ò mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Ojú wọn ni mo mọ̀.”

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń sọ ibi tó ń kó ìgbálẹ̀ sí. Ó ní kí n tó dé ilé-ẹ̀kọ́ náà rárá ni ọmọ kan ti wà tó máa ń sunkún láràárọ̀ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó fi ìka ya nǹkan sínú eruku, ẹkún sì dá. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá fi tábìlì kan sílẹ̀ fún un láìnù. Nígbà tó ṣe, ọmọ mẹ́rin ló ń bá a jókòó síbẹ̀. Ìgbà tí èmi wá dé, ó ṣàkíyèsí pé ohun tí wọ́n ń yà jọ ohun tí mo fi sílẹ̀ lójú pátákó. Ó wá fi gbogbo ìlà náà sílẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

Ẹnu yà á. “Mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Gbogbo tíṣà ló ń nu pátákó wọn kí wọ́n tó lọ sílé. Ẹ̀yin nìkan lẹ kì í nù ún. Mo ní Tíṣà yìí gbọ́n, ó ń fi í sílẹ̀ fún wa ni.”

Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ìdí tí mi ò fi ń nu pátákó lọ́sàn-án ni pé eruku ṣọ́ọ̀kì máa ń mú mi wúkọ́, mo sì máa ń fẹ́ tètè lọ sílé.

“Mo fẹjọ́ yín sùn nígbà kan,” mo sọ.

“Mo rántí.”

“Àràárọ̀ ni mò ń ní kí wọ́n nù ún.”

“Ìyẹn tọ́,” ó ní. “Bí wọn ò bá nù ún, ibo ni wọ́n fẹ́ kọ tọ̀la sí?”

Fèrè dún. Ìró rẹ̀ mi eruku lórí tábìlì, àwọn ọmọ sì gbé ìka wọn sókè títí ó fi dákẹ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Ìyá padà wá jókòó tì mí. “Ìbéèrè yẹn, ẹ ní kí ni wọ́n sọ?”

“Bóyá ẹ máa fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ bí ẹ bá rí òmíràn.”

“Iṣẹ́ ni yóò fi èmi sílẹ̀ ní ìparí ọdún.” Ó fi ẹnu tọ́ka sí ìlà ẹ̀yìn. “Èyí tí mò ń rò nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá mú wá rọ́pò mi, á nù ún mọ́ tónítóní. Ọ̀gá-àgbà á yìn ín. Ẹ fi sí ‘rárá’, kó dúdú bíi ti owó oṣù.”

Mo fi sí i. Ó gba fọ́ọ̀mù náà, ó yí i lójú, ó ní ibo lòun máa tẹ̀ka sí. Mo ní wọn kò fẹ́ orúkọ, wọn kò fẹ́ àmì ọwọ́. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ tí mi ò tẹ̀ka sí, báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀ pé ẹnì kan ló sọ ọ́?” Ó dìde, ó lọ sí etí tábìlì ẹ̀yìn níbi tí ọmọ kankan kò kọ nǹkan sí, ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ inú eruku, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Ó yọ dáadáa. O lè ka gbogbo ìlà tó wà nínú rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù, àwọn ọmọ yòókù ti ń wọlé. Ará ẹ̀yìn ń wò mí, wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mi. Àkísà ti wà lọ́wọ́ ọ̀kan.

“Tíṣà, ṣé ká nù ún?”

Mo ní kí wọ́n dúró. Mo rìn lọ sẹ́yìn. Láti ọdún tí mo ti ń kọ́ kíláàsì yẹn, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo tábìlì wọn ní wákàtí yẹn rí. *Bàtà, bàtà, bàtà.* Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ dé ti kọ bàtà tán, ó sì ti kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀ tí mi ò kọ́ wọn: *bàbá*. Ó tú ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí wẹ́wẹ́, ó fi to òmíràn fúnra rẹ̀. Mo kà á sókè. Ó dorí kodò, àmọ́ mo rí eyín rẹ̀.

Mo ronú kan gbogbo àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti iye ọ̀rọ̀ tí mo ti ní kí wọ́n nù kí n tó kà á. Mo ronú kan àwọn òbí tó máa ń wolẹ̀ nígbà tí mo bá ń yìn wọ́n fún ohun tí wọn kò ṣe.

Nígbà ìsinmi, ọmọbìnrin yunifásítì dé. Ó tú àwọn fọ́ọ̀mù wò, ojú rẹ̀ fà ro.

“Ẹ má bínú o. Gbogbo yín lẹ fi sí àpótí kẹta, láti òkè délẹ̀?”

“Ilé-ẹ̀kọ́ wa fẹ́ràn ìṣọ̀kan, ọmọ mi,” ọ̀gá-àgbà dáhùn láìrẹ́rìn-ín.

Ó tún rí òmíràn. “Èyí ní àmì ọwọ́. Màmá, a ò nílò rẹ̀.”

“Èmi ni mo nílò rẹ̀,” Ìyá sọ látẹnu ọ̀nà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Fọ́ọ̀mù mi ló gbẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti pa àwọn àmì àárín rẹ́, mo ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, nítorí náà ó rí wúruwùru. Olùkọ́ kíláàsì kẹfà na ọrùn láti wò ó.

“Bàbá Kíláàsì Wan ti dà wá!” ó kígbe. “Rárá, gan-an ni, rárá, gan-an ni! Ẹ wo ẹni tó ń lọ Adó-Odò!”

“Yàrá ti ṣe tán,” ìyàwó wa ti kíláàsì kẹrin sọ.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín ní yàrá yẹn, mo sì rí i pé wọ́n ṣàkíyèsí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìparí iṣẹ́, mo lọ sí ilé-iṣẹ́ irin. Ọ̀gá mi àtijọ́ jáde wá bá mi ní géètì, irun rẹ̀ ti funfun tán.

“Prófẹ́sọ̀!” Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn nígbà tí mo máa ń kàwé nídìí iná. “Mo mọ̀ pé o máa wá. Ìgbà wo lo máa bẹ̀rẹ̀?”

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Mi ò ní lè wá.”

Ó wò mí títí. “Ṣé wọ́n fi ọ́ ṣe ọ̀gá-àgbà ni?”

“Rárá.”

“Kí wá ni wọ́n ń fún ọ níbẹ̀ tí àwa ò ní níbí?”

Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Eruku yín ni, ọ̀gá.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. “Eruku wa! Èyí tí gbogbo àdúgbò ń bú wa sí?”

“Òun náà.”

Mi ò sọ pé eruku náà dára. Ó ń ba ọ̀fun jẹ́, ó ń ba aṣọ jẹ́, bí wọ́n bá sì dá a dúró lọ́la, inú mi á dùn, màá wá nǹkan mìíràn tí ìka lè kọ̀wé sí. Àmọ́ ó ṣì ń bọ̀ lálaalẹ́, ẹnì kan sì ti rí ohun tí a lè fi í ṣe. Mo ti mọ ìyẹn báyìí. Mi ò lè lọ jókòó sí òdìkejì ògiri kí n máa rò ó pé ẹni tuntun kan ń nu ìlà ẹ̀yìn.

Ọ̀gá mi ní kò burú, òun máa pe ẹni kejì. Ó bi mí nípa àwọn ọmọ mi tó ti dàgbà kúrò nílé. A dágbére.

Ní ọjọ́ Ajé, mo dé kíláàsì ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyá kò bi mí ní ohun tí mo wá ṣe. Ó ju àkísà kan sí mi.

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú,” ó ní. “Ẹ máa fún un dáadáa, kómi má baà kán sẹ́yìn.”

Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá lójú ọ̀nà. Omi garawa dúdú, mo lọ dà á nù, mo pọn òmíràn. Mo nù ún dé ìlà tó ṣáájú ti ẹ̀yìn. Mo fún àkísà, mo sá a sórí fèrèsé, mo sì dúró.